Ooru Ẹ̀ẹ̀rùn, Àwa Ọlọ́jà, àti Ajá Tó Ń Ṣọ́ Ìsọ̀ Wa

Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ooru sì ti ń fojú hàn. Bí ẹ bá ti rí i pé bùbá kì í gbẹ lára yín mọ́ láti aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ti dé nìyẹn. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ni ooru máa ń mú jù lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé, "Ẹ̀kọ́ nípa ooru kẹ̀? Ṣé òní la ti ń ta ọjà nínú oòrùn ni?" Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà wa ní oṣù kẹta ọdún 2025.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ìrẹsì ní ajá kan tó ń bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru. Bíńgò lorúkọ rẹ̀, bí orúkọ ìdajì àwọn ajá ìlú yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá yìí so Bíńgò mọ́ òpó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ibòji wà. Ó gbé abọ́ omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọkọ̀, ó lọ ra ọjà. Kò sí àìdáa tó ṣe. Ṣùgbọ́n ibòji àárọ̀ kì í ṣe ibòji ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di aago kan, oòrùn ti yí. Ògiri tó ṣíji bo ajá náà láàárọ̀ ti wá ń ta ooru sí i lára. Ṣéènì ti gbá abọ́ omi dànù, ṣéènì ọ̀hún ò sì gùn tó kí ajá fi dé abẹ́ tábìlì tó wà níwájú. Nígbà tó di aago méjì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ọmọ kan bá kígbe pé, "Dìgbòlugi! Dìgbòlugi!" Kẹ́ ẹ tó pajú pẹ́, igi ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, òkúta sì ti ń fò.

Ajá náà kú kí ẹni tó ni ín tó dé. Nígbà tó dé, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọlé, ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú káàdì tí dókítà ẹranko fún un jáde. Bíńgò ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Ooru ló ń pa á, àwa pè é ní ajá wèrè. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ju òkúta nínú wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bu omi náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìyá kan ṣubú lulẹ̀ ní ìsọ̀ aláta. Ohun tí a ṣe fún un, a ó sọ ọ́ níwájú, torí apá kan dára nínú rẹ̀, apá kan ò dára rárá. Nǹkan méjèèjì yìí ló jẹ́ ká sọ pé ẹ̀kọ́ tòní gbọ́dọ̀ jáde kí ooru ọdún yìí tó gbóná dé góńgó.

Ara wa ná

Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹni tó ti dákú ò lè bomi fún ajá. Nítorí náà, ara tiwa la ó kọ́kọ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àmù nílé, ẹ ti fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí? Ó máa ń tutù, ó sì máa ń lọ́rinrin. Omi ń jò díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ náà bọ́ síta, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń gbẹ yẹn ló ń mú ooru kúrò lára àmù. Ìdí nìyẹn tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù láìsí fíríìjì. Ẹ rọ omi kan náà sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Kò ní tutù bẹ́ẹ̀, torí kò síbi tí omi máa gbà jáde.

Ara èèyàn, àmù ni. Iṣẹ́ tí omi ń ṣe lára àmù ni òógùn ń ṣe lára wa. Kì í ṣe bí òógùn ṣe ń jáde ló ń tù wá lára o, bó ṣe ń gbẹ ni. Nǹkan méjì ló lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọ̀kan ni kí omi tán nínú àmù. Ìkejì ni kí atẹ́gùn ìta fúnra rẹ̀ kún fún omi débi pé òógùn ò ríbi gbẹ sí, á kàn máa ṣàn lásán. Èyí ló fà á tí ooru oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá lọ tí atẹ́gùn òkun bá wọlé, fi máa ń nini lára ju oòrùn ọyẹ́ lọ, bí oòrùn ọyẹ́ tilẹ̀ ń ta sójú ẹni bí abẹ́rẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2024, ọjọ́ tí Super Eagles gbá àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan, tí Côte d'Ivoire nà wá ní àmì ayò méjì sí ẹyọ kan? (Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé a fẹ́ tún egbò yẹn hú o.) Láàárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, ooru kan bẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn títí dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà sọ pé tí wọ́n bá pa ooru pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin inú atẹ́gùn, bí ìwọ̀n 50 ló rí lára èèyàn. Wọ́n tún ní ooru irú rẹ̀ ti fi ìlọ́po mẹ́wàá rọrùn láti wáyé ju ìgbà tí èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ kò tíì gba ojú ọ̀run kan lọ. Ẹ rí i pé ẹni tó bá ní, "Ooru àwọn ìyá wa náà lèyí," kò tọ̀nà. Ooru àwọn ìyá wa kọ́ nìyí.

Omi mímu ló wá kàn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mumi lọ́jà, kì í sì í ṣe pé a ò rówó ra píọ́wọ́tà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ó jìnnà, ó dọ̀tí, owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ta ni yóò sì bá ni wo ọjà? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi òùngbẹ pa ara wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí a ó wá máa ṣàròyé orí fífọ́ àti ìtọ̀ tó ń ta ni. Àwa ò rò pé obìnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ya ọ̀lẹ tàbí òpè. Ètò ọjà ló dá a lẹ́bi láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ètò tó yí, ẹ bá aládùúgbò ìsọ̀ yín ṣàdéhùn: "Bá mi wo tèmi, n ó bá ọ wo tìẹ." Kẹ́ ẹ sì máa mu omi. Kò dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín. Ẹni tó ń gbé ẹrù tàbí tó ń rìn kiri polówó, ife kan kan láàárín ogún ìṣẹ́jú kò pọ̀ jù fún un tí oòrùn bá le. Ẹni tó jókòó lè mu ohun tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tí kì í parọ́ ni ìtọ̀. Bó bá mọ́ tàbí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dára. Bó bá ti pọ́n bíi tíì tí a ò bu mílíìkì sí, omi ti ń tán nínú àmù.

Ẹni tó bá ti làágùn púpọ̀ tí ara rẹ̀ sì ń rọ, omi lásán lè má tó o, torí iyọ̀ bá òógùn jáde. Ẹ wọn lítà omi kan, ìyẹn píọ́wọ́tà méjì onísẹ́ńtílítà 50, kẹ́ ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i. Ṣíbí tí a fi ọwọ́ gé lórí o, kì í ṣe èyí tó ga bí òkè. Kẹ́ ẹ pò ó kó yòrò, kẹ́ ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ohun tí à ń pò fún ọmọ tó ń ṣu náà ni. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ò gbọ́dọ̀ sọ eléyìí di omi mímu ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá sì wà lórí oògùn tó ń mú ni tọ̀, kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè bí wọ́n ṣe máa lò ó nínú ooru. Kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn.

Píọ́wọ́tà tí wọ́n kó sínú oòrùn láti àárọ̀, ẹ má rà á. NAFDAC ti ń kìlọ̀ rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀, ààwẹ̀ Ramadan ti ń bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn ní àwọn ọdún yìí. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta gan-an ló bẹ̀rẹ̀, àárín gbùngbùn ooru. Ẹ mu omi dáadáa ní sààrì àti láàárín ìṣínu sí àsìkò oorun, kẹ́ ẹ sì fi iṣẹ́ tó le sí àárọ̀ kùtù. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ ṣínu. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ gba aláìsàn láyè kó ṣínu kó sì san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá tó ṣubú ní ìsọ̀ aláta mọ èyí dáadáa, òun náà ló sọ fún wa. Ojú àwọn èèyàn ló ń tì í.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń gba ooru méjì: ti oòrùn àti ti ẹ̀yìn ìyá. Ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi ibòji látìgbàdégbà, kẹ́ ẹ tú aṣọ lára rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un lọ́mú léraléra. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni omi rẹ̀.

Ní ti ìsọ̀, páànù ló ń sè wá. Tí ẹ bá lè fi nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín páànù àti àjà onípákó tàbí ẹní, atẹ́gùn á máa gba àárín kọjá, ẹ ó sì mọ ìyàtọ̀. Ọ̀dà funfun lórí páànù náà ń ṣe dáadáa. Imọ̀ ọ̀pẹ dára ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń dá iná àkàrà, ẹ má dán an wò. Tapólì dúdú ló burú jù. Aṣọ òwú tó fẹ̀, bí àǹkárá àti àdìrẹ, ló yẹ ọjà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi léèsì sílẹ̀ fún òde ọjọ́ Sátidé.

Ajá kì í làágùn bí tiwa

Bí ara èèyàn bá jẹ́ àmù, ara ajá, kẹ́ẹ̀gì ni. Kò sí òógùn tó ń gba ara rẹ̀ jáde àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn ò sì lè tu odindi ajá lára. Ahọ́n rẹ̀ ni àmù rẹ̀. Ẹ wò ó nígbà tí oòrùn bá mú: á la ẹnu sílẹ̀, á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Atẹ́gùn ń gba orí ahọ́n tútù àti inú imú kọjá, ọ̀rinrin ibẹ̀ ń gbẹ, ooru ń jáde. Kò ní ọ̀nà mìíràn tó dà bí èyí. Ẹni tó bá wá fi okùn di ajá lẹ́nu nínú oòrùn, tàbí tó jù ú sínú búùtù ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó ti dí ihò kan ṣoṣo tí ooru ń gbà jáde lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n gbé délé ní òkú, tí wọ́n ní "ọkọ̀ ló gbọ̀n ọ́n jù," ohun tó pa á nìyẹn.

Ọkọ̀ tí wọ́n gbé síbi oòrùn, tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa, inú rẹ̀ lè fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná ju ìta lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ má fi ajá sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ má fi ọmọ sínú rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ pé "mo kàn fẹ́ já ra búrẹ́dì ni."

Ajá ilẹ̀ wa, onírun kúkurú, onímú gígùn, ó mọ ooru fara dà ju àwọn ajá òyìnbó lọ. Ajá onírun kíki bí Alsatian ń jìyà. Èyí tí imú rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ ló ń jìyà jù, torí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà kúrú. Ajá tó sanra jù àti ajá arúgbó náà wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ajá ilẹ̀ wa ni Bíńgò.

Bí a bá máa so ajá lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ ní aago kan ká wo ibi tí oòrùn wà. Kì í ṣe aago méje àárọ̀. Ẹ lo okùn tó gùn tó kó lè tẹ̀ lé ibòji lọ, kẹ́ ẹ sì wò ó pé kò ní lọ́ mọ́ òpó. Lórí omi, ọ̀nà kan wà tí ẹnì kan nínú wa kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, a ti dán an wò, ó dára: ẹ wá ìkòkò amọ̀ tó fẹnu fẹ̀, kó báà ṣe èyí tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì níbi ibòji. Ajá ò lè dà á nù, ṣéènì ò lè fà á, amọ̀ àti ilẹ̀ á sì jẹ́ kí omi náà tutù. Abọ́ irin á gbóná bí ìkòkò orí iná. Ajá tó tó kílò 15 ń mu tó bíi lítà omi kan lójúmọ́, nínú ooru ó lè tó méjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe bù ú láàárọ̀ kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ fún un lóúnjẹ ní kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mú un rìn lójú títì ọlọ́dà, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ọ̀dà náà, kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èje. Bí ẹ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ò lè fara dà á. Ó kàn jẹ́ pé òun ò ní sálúbàtà ni. Ẹ má fá irun ajá onírun kíki kodoro: irun yẹn ń dá oòrùn dúró lára rẹ̀.

Èyí tí a sì ń rí ṣáá ni ti àwọn tó ń ti ajá mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀, kó lè ṣọ́ ọjà. Lóru, ó lè rọ̀ díẹ̀ tí ihò atẹ́gùn bá wà. Lọ́jọ́ Àìkú tí ọjà bá wà ní títì pa ní ọ̀sán gangan, ààrò ni inú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ jẹ́ kó ṣọ́ ọjà láti ìta.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Ara èèyàn tó dá ṣáṣá wà ní ìwọ̀n 37, ti ajá máa ń wà láàárín 38 sí 39. Bí ti èèyàn bá ti tó 40, tí ti ajá bá ti kọjá 41, nǹkan inú ara ti ń sè nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara ò sí lọ́wọ́ wa lọ́jà, ṣùgbọ́n ojú wa ríran. Èèyàn tí orí ń fọ́, tí òyì ń kọ́, tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà, tí èébì ń gbé, ẹ gbé e síbi ibòji, ẹ fún un lómi, kó sinmi, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bó bá ti wá ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tí kò mọ orúkọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ṣubú, tàbí tí ara rẹ̀ ń jà, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má dúró wádìí bóyá ibà ni.

Ní ọjọ́ tí ìyá aláta ṣubú, ohun tí a ṣe dáadáa ni pé a yára gbé e kúrò nínú oòrùn, a tú gèlè àti ìró lára rẹ̀, àwọn obìnrin sì fi aṣọ yí i ká. Ohun tí a ṣe tí kò dára ni pé a rọ omi sí i lẹ́nu nígbà tí kò mọ ibi tó wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sá pa á lórí. Ẹnì kan ń fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi róòbù pa á láyà. Ó tó ìdajì wákàtí tí a fi ń wá ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó bu omi sí i lára ní gbogbo àsìkò yẹn, bẹ́ẹ̀ omi kún dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Orí ló yọ ọ́.

Omi ara ló ṣáájú omi ẹnu. Ẹ bu omi sí i lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kíkankíkan, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn, abíyá àti itan rẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ pe ìrànlọ́wọ́ (112, tàbí 767 ní Èkó) nígbà tí ìtutù ń lọ lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá dé, kí ìtutù má dáwọ́ dúró nínú ọkọ̀. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Bí kò bá lè gbé ife fúnra rẹ̀, kò tíì tó omi mu.

Ti ajá náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ́mí rẹ̀ á di èyí tó ń pariwo. Itọ́ rẹ̀ á ki, á máa fà. Èrìgì rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà á funfun. Ó lè bì, ó lè ṣu ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbé e mọ́. Nígbà kan, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ká sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí àwọn dókítà ẹranko ń sọ lónìí ni pé ká kọ́kọ́ tù ú lára ká tó gbé e. Ẹ gbé e síbi ibòji, ẹ da omi sí i lára: ikùn, abẹ́ ẹsẹ̀, ọrùn, kó wọ inú irun dé awọ. Ẹ má dà á sí i nímú. Ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi síwájú rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ lá a, ẹ má rọ ọ́ sí i lọ́fun. Ẹ má sì fi àpò tútù bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni bo àmàlà: àpò náà á gbóná, á wá di bùláńkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ti ìjọba sì wà káàkiri. Bó bá tilẹ̀ dìde tó ń jùrù, ẹ ṣì gbé e lọ, torí kíndìnrín rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kó má hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Dìgbòlugi ńkọ́?

Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn tó gbé igi sí Bíńgò, ẹ̀rù ló bà wọ́n, ẹ̀rù yẹn kò sì jẹ́ àsọdùn. Dìgbòlugi wà. Ẹni tó bá ti ń ṣe, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ajá dìgbòlugi náà ń dá itọ́, òun náà ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Ojú lásán ò lè fi gbogbo ara mọ ìyàtọ̀.

Ìbéèrè tó lè ràn wá lọ́wọ́ ni pé: níbo ló wà láti àárọ̀? Ajá tí wọ́n so mọ́ inú oòrùn láìsí omi, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó di pé ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ooru ni ẹ kọ́kọ́ rò. Ajá tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tó ń rìn kiri nínú ìtura àárọ̀, tó ń gé igi àti òkúta jẹ, tí ohùn rẹ̀ ti yí padà, ẹ jìnnà sí i, ẹ kó àwọn ọmọdé wọlé, ẹ pe àwọn oníṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko. Bí ẹ ò bá dá a lójú, ẹ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ fi báàkẹ́ẹ̀tì da omi sí i lára. Omi tí ẹ dà sí i lára kò lè pa yín lára, bẹ́ẹ̀ ó lè gba ajá tí ooru mú là. Ọwọ́ yín ni kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ajá tí ẹ bá fura sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á jẹ, torí ẹni tó ń kun ún lè kó o.

Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, ooru ni o, dìgbòlugi ni o, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú egbò náà lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ata, epo, irun ajá, kò sí èyí tó ń pa àrùn yìí nínú wọn.

Ká ní gbogbo ọjà mọ̀ pé Bíńgò ti gba abẹ́rẹ́ ni, bóyá omi ni wọn ì bá gbé dípò igi. Káàdì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ò lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni ìpàdé wa ṣe fẹnu kò pé ajá ọlọ́jà tó bá ti gba abẹ́rẹ́ tọdún yìí, kí a so ìrépé aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, aṣọ tí ẹgbẹ́ á pèsè. Ìyá onírẹsì ti gba ọmọ ajá mìíràn. Ó ti rì ìkòkò sílẹ̀ fún un sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ìsọ̀, ẹ lè lọ wò ó.

Kí olúkúlùkù ìsọ̀ fi báàkẹ́ẹ̀tì kan àti abẹ̀bẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, kí ẹnikẹ́ni má sì lò wọ́n fún nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin tí ajá yín kò tíì gba abẹ́rẹ́, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. A fẹ́ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ kó wá bá wa lọ́jà nígbà kan náà, kí owó rẹ̀ lè rọjú. Ẹni tí kò bá rí àyè ṣe é báyìí, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìgbógunti dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn dókítà ẹranko níbòmíràn sì máa ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò náà. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án jìnnà sí oṣù kẹta o.

Lórí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́tà tí a kọ sí àwọn aláṣẹ ọjà wà lọ́dọ̀ ìyálọ́jà. Ó ku ìfọwọ́sí ìsọ̀ mẹ́ta: aláta, ẹlẹ́ja àti aláṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan wá.